Díìsì Méjì Inú Páálí Kan

Dókítà Ẹ̀rọ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pe àbúrò mi níbi iṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa. Wọ́n ní òun nìkan ni dókítà tí aláìsàn rẹ̀ kì í dúpẹ́. Á ní aláìsàn tòun kì í sì í jiyàn. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ lo yàrá kan, èmi ń tẹ ọ̀rọ̀ aláìsàn sínú ẹ̀rọ, òun ń tọ́jú ẹ̀rọ. Kò sí wáyà tí kò lẹ nọ́ńbà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ó kù díẹ̀ kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ ti darúgbó. Díìsì méjì, tí àkọsílẹ̀ ń gbé orí wọn, ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá wà lórí ọ̀kan ló wà lórí èkejì, kí ọ̀kan má baà kú kí gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ẹ̀kẹta wà nínú dúrọ́ọ̀, òun ni ẹ̀dà tí àbúrò mi ń pa mọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, díìsì mẹ́ta ló ń fẹ́. Méjì péré ni ọ̀gá àgbà rà, ó sì ti ṣèlérí fún gbogbo wọ́ọ̀dù pé iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Láàárọ̀ Sátidé, àbúrò mi di díìsì inú dúrọ́ọ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá nu ohun tó wà lórí eléyìí kí n fi kún tuntun, wákàtí mẹ́ta tí àkọsílẹ̀ á fi kọjá sínú ẹ̀rọ tuntun la máa wà láìní ẹ̀dà. Àbí ká dúró?"

Inú mi ní ká dúró. Ẹnu mi ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ wa kì í sùn." A gbàdúrà. Ó nù ún.

Kò tíì tó agogo mọ́kànlá tí iná pupa fi tàn lára ọ̀kan nínú díìsì àtijọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, èkejì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, èkejì dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó dákẹ́. Inú páálí kan náà ni méjèèjì ti jáde, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, wọ́n sì jọ gbó. Ìdajì tó ti dé inú tuntun kò ṣeé ṣí.

Ọ̀gá bi í lórí fóònù pé ẹ̀dà dà. "Èmi ni mo nù ún, sà." Kò dárúkọ mi.

A mú ìwé, a ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn, a ń bi wọ́n léèrè orúkọ àti oògùn tí ara wọn kì í gbà. Bàbá kan ní ṣé látọjọ́ yìí a ò tíì mọ òun ni. Ní ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, obìnrin kan wà tí kò mọ ibi tó wà, ẹbí kankan kò sì sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sínú ẹ̀rọ. Oògùn kan wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ fún un. N kò rántí èwo.

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"Ẹ bá wa bi í, mà. Mi ò lè dúró pẹ́." Nọ́ọ̀sì náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo dijú, mo bi í. Nígbà tí mo lajú, nọ́ọ̀sì ti fún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́. Àbúrò mi di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó ń ka iye ìgbà tó ń mí.