Ròbìnẹ́ Ara Àgbá Àlùwàlá

Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bèèrè pé ọdún wo ni. Mo ní kó má bi mí ní nọ́ńbà, nọ́ńbà Faransé kì í dúró lórí mi. Ọdún tí àwọn Erin, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ yìí, gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù nílé wa níbí ni, tí gbogbo Abidjan ń pariwo títí ohùn fi há. Ìdùnnú yẹn ò tíì tán lẹ́nu wa tí àwọn ìjọba fi wá fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri wa ní Boribana, létí ọ̀sà, pé katapílà ń bọ̀ wá wó o, kí oníkálukú kó ẹrù rẹ̀.

Kíkó abọ́ àti àpótí ò le. Ọkọ̀ ẹrù bàbá àwọn ọmọ mi ni wàhálà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, imú rẹ̀ yọ síwájú bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Òun ló fi kó ẹrù àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kiri ilẹ̀ yìí. Ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò wa láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ń rákò, ọmọ yẹn sì ti di ìyá ọmọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lọkọ mi ń tan án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó má bàa kú, ṣùgbọ́n kò jáde mọ́. Mo ní ká jẹ́ kí wọ́n wá fà á. Ó ní, "Wọn ò ní wọ́ ọkọ̀ mi bí òkú ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi jáde, tàbí kí katapílà fọ́ èmi pẹ̀lú ẹ̀." Ó sì gbé àga rẹ̀ síwájú ọkọ̀ náà, ó jókòó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ inú ọkọ̀ yẹn: mẹkáníìkì ará Kétu kan, ọmọ ìjọ, tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ mi rí. Ọkọ mi sì ti pè é ní olè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ìlú òtútù ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Ròbìnẹ́ idẹ kan, bí ẹnu ẹ̀rọ omi, wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí wọ́n bá fi okùn irin ṣí i láti ìjókòó iwájú, omi gbígbóná á gba inú páìpù wá sọ́dọ̀ awakọ̀, ooru á sì máa fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débí ní ìyàwó: ta ló ń wá iná kún oòrùn Abidjan? Àṣé ọgbọ́n awakọ̀ ni. Bí ẹrù bá wúwo, tí ọkọ̀ ń gun òkè, tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ hó, wọ́n á ṣí i, ooru á jáde sára àwa tó wà níwájú, ẹ́ńjìnnì á sì mí. A máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ròbìnẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mẹkáníìkì yọ ọ́, ó rì í sínú abọ́ kẹrosín-ìn tó wà lábẹ́ igi, ó lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, ó bá ròbìnẹ́ kan nínú abọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ̀. Ròbìnẹ́ omi lásán ni. Ọkọ mi ní ó ti ta èyí tó dára, ó sì fi ìranù pààrọ̀ rẹ̀. Ó ju ìranù náà sínú ọ̀sà. Mẹkáníìkì kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò sọ ju, "Ọlọ́run rí mi," ó sì lọ. Wọ́n gbẹ́ igi di ojú ihò náà, àmọ́ ìrìn-àjò àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìnnì hó lójú ọ̀nà, wọ́n sì fà á wálé.

Èmi ò sí nílé lọ́jọ́ ìjà yẹn, mo wà lọ́jà Treichville. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tó fojú rí i. Mo ní ojú ọkùnrin náà ti jọ ojú olè tipẹ́. Mo sọ ọ́ fún aláṣọ tó jókòó lọ́tùn-ún mi, mo sọ ọ́ fún ti òsì. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò pẹ́ tí kò fi sí ará wa kankan tó ń gbé ọkọ̀ lọ bá a mọ́.

Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní gáráàjì àtúnṣe ọkọ̀ tó ṣí sí ẹ̀yìn àdúgbò Zone 4. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ dìde, epo wà nílẹ̀ yẹn."

"Pádọ̀n, ẹ forí jì wá. Katapílà ń bọ̀."

"Ṣé olè náà lẹ fẹ́ pè wọlé?"

Mi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ títí, ó ní, "Nítorí ọkọ̀ ni mo fi ń bọ̀. Ọkọ̀ ò bú mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti ẹ̀ fi rìn láàárín òkìtì irin àlòkù ní Adjamé, a ń wá irú ròbìnẹ́ yẹn. Àwọn Jùlá tó ń tà á ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ẹ̀rọ ooru ní Abidjan? Ṣé òtútù ń mú yín ni?" Kò sí èyí tó bá ihò ọkọ̀ náà mu.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ mi jókòó lórí àpótí nídìí àgbá omi, ó ń ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán. Ó ti fọ apá ọ̀tún, ó kù tòsì. Mẹkáníìkì wá fọ epo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti irin. Ọkọ mi sún fún un. Mẹkáníìkì gbá ròbìnẹ́ àgbá náà mú, ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ha ìdọ̀tí ọrùn rẹ̀ kúrò.

"Ìyàwó wa, ẹ wá." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ló fi èyí síbí?"

"Èmi ni. Mo rà á lọ́j…"

Gbogbo ẹ̀ padà wá lẹ́ẹ̀kan náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìjà yẹn, mo ti ju ròbìnẹ́ kan tó dípẹtà, tí mo rà fún àgbá àlùwàlá, sínú abọ́ kẹrosín-ìn yẹn kí ìpẹtà rẹ̀ lè ṣí. Kí n tó lọ sọ́jà, mo sọ fún wẹ́dà tó fẹ́ dá àgbá náà lu pé, "Ròbìnẹ́ wà nínú abọ́ abẹ́ igi." Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà ló mú, ti ọkọ̀ sì ni. Tèmi ló ṣẹ́ kù sínú abọ́. Tèmi ni ọkọ mi jù sínú ọ̀sà.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́, gbogbo ọdún yẹn, ohun tí a ní ọkùnrin náà jí la fi ń bu omi lọ síwájú Ọlọ́run! Orí ròbìnẹ́ náà ń dán bí wúrà. Ọwọ́ wa ló dán an. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n n ò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé mi ni yóò ti bá a.

Bàbá àwọn ọmọ mi bọ́ fìlà. Ó ní, "Mẹkáníìkì."

"Alhaji, ẹ dé fìlà yín, oòrùn mú. Ẹ tilẹ̀ bá wa ti omi yìí, ó ń ṣòfò."

Ọkọ mi na ọwọ́ sí ròbìnẹ́ náà, ó sì tún fà á sẹ́yìn bí ẹni pé iná ló fẹ́ dì mú. Èmi náà ò lè tì í. Mẹkáníìkì ló tì í.

Ó tú u palẹ̀ lórí ẹní. Idẹ kékeré tó ń yí nínú rẹ̀ ti jẹ. Ó fi eérú kíkúnná àti epo lọ̀ ọ́, ó ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀, títí di ìrọ̀lẹ́. Kò rí okùn tí wọ́n fi ń wé ọrùn rẹ̀ kó má jò. Mo ní èmi á ran òwú, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe ń ran án ni mẹkáníìkì ń rì í sínú ọ̀rá màlúù, ó ń wò mí.

"Ẹ ran án kó le o. Ọ̀rọ̀ kì í já lẹ́nu yín; kí òwú náà má já." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì de ròbìnẹ́ náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, àwa mẹ́ta sì wọlé jókòó níwájú ọkọ̀. A fi àgbá náà sílẹ̀ fún katapílà pẹ̀lú ihò rẹ̀. Níbi òkè tí a ti ń kúrò létí ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mẹkáníìkì tó ń wa ọkọ̀ ní, "Alhaji, ẹ ṣí i." Ọkọ mi ṣí i. Ooru bò wá lẹ́sẹ̀ dójú, ọkọ̀ mí, ó sì gòkè. Ojú ọkọ mi tutù. Ó ní òógùn ni, a sì gbà fún un.

Àwọn tí mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún lọ́jà, mo tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti gbà á padà. Méjì ti kú. Ó bá wọn wọ sàréè bẹ́ẹ̀. Títí di òní ni mo ń bi ọkọ mi bóyá àwọn ìrun tí a fi àlùwàlá yẹn kí gòkè.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi wá kí wa nílé tuntun, mo pè wọ́n sídìí ike omi tí a fi rọ́pò àgbá. Mo ní: bí nǹkan yín bá sọnù, tí orúkọ ẹnì kan ti wà lẹ́nu yín, ẹ gbé e mì ná. Ẹ lọ ṣe àlùwàlá. Kí ẹ sì wo ohun tí ọwọ́ yín dì mú dáadáa.