Àbúrò Méjì ní Tìrípólì

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Kàfáyàtù Bádéjọ ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Uptown. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga onítáyà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọdún kẹfà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì máa ń sọ pé ọkàn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Àfi oṣù kẹrin ọdún 1986, tí kò mọ ibi tí yóò fi ara sí fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn arúgbó ti jẹun tán, wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Ni wọ́n bá dá ètò tó ń lọ dúró, wọ́n ní àwọn ọkọ̀ òfurufú ogun Amẹ́ríkà ti ju bọ́ǹbù sí Tìrípólì, ní ilẹ̀ Líbíyà. Baba kan pàtẹ́wọ́. Àwọn méjì mìíràn bá a pa á.

Kàfáyàtù ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbàlagbà kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Tìrípólì ni Jìbírílù wà, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, ẹni ọdún méjìlélógún, tó ń kọ́ èdè Lárúbáwá níbẹ̀. Kó tó dìde, abọ́ ti fọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ Màmá Hoa ni.

Ọmọ Vietnam ni Màmá Hoa, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun ló ń kó abọ́ oúnjẹ. Hoa lásán ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Kàfáyàtù nìkan ni kò lè pe ẹni tó tó bí i lọ́mọ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ lé e wọ kíṣìnì.

"Màmá, kí ló ṣe yín?"

"Àbúrò mi," ni obìnrin náà wí, òyìnbó rẹ̀ ń já lẹ́nu. "Binh. Káfíńtà ni. Ó wà níbẹ̀."

"Níbo?"

Màmá Hoa nàka sí ibi tí ohùn tẹlifíṣàn ti ń wá.

Kàfáyàtù fẹ̀yìn ti ògiri. "Tèmi náà wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, fóònù Tìrípólì kò wọlé. Kàfáyàtù gbé ẹ̀wà kaná, ó gbàgbé rẹ̀ títí ó fi jóná. Bọ́ọ̀sì gbé e kọjá ibi iṣẹ́. Ó ń kírun, kò mọ iye rákáà tó ti kí, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́sàn-án, ó pe ẹ́ńbásì Nàìjíríà ní Washington. Ọkùnrin tó gbé fóònù gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì fi Yorùbá dá a lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ń ka àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé àbúrò yín forúkọ sílẹ̀ ní ẹ́ńbásì nígbà tó dé Tìrípólì?"

"Mi ò mọ̀ o."

"Tó bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n á tètè rí i. Tí kò bá forúkọ sílẹ̀... Ẹ fún mi lórúkọ rẹ̀. Ẹ máa pè wá."

Ó ń pè. Ní Wẹ́sìdeè, kò sí ìròyìn. Ní Tọ́sìdeè, wọ́n ní ẹnìkan ti dé ilé ẹ̀kọ́ náà, géètì wà ní títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fọ́n ká.

"Ẹ̀yin náà, ẹ pe ìjọba yín," ló sọ fún Màmá Hoa lákòókò ìsinmi.

Màmá Hoa rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ kò dùn. Vietnam kò ní ẹ́ńbásì ní Amẹ́ríkà, àfi ọ́fíìsì tí wọ́n ní sí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní New York. Ó ní ìjọba yẹn náà ni òun gbé àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì sá fún, nínú ọkọ̀ ojú omi, lọ́dún 1979. Ìjọba kan náà ló rán Binh lọ ṣiṣẹ́ ní Líbíyà. Nígbà tí wọ́n sì bi Binh nínú fọ́ọ̀mù bóyá ó ní ẹbí nílẹ̀ òkèèrè, ó kọ ọ́ pé kò sí.

"Tí mo bá pè wọ́n, mo ti sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú wọn."

"Màá bá yín pè wọ́n."

Ní Fúráìdeè, kí wọ́n tó wọṣẹ́, Kàfáyàtù lọ sí ilé Màmá Hoa ní òpópónà Argyle, ó sì pe nọ́ńbà ọ́fíìsì New York náà. Ọkùnrin kan dáhùn jẹ́jẹ́.

"Ta ló ń béèrè?"

"Ọ̀rẹ́ ẹbí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín tó wà ní Líbíyà ni mí."

"Ẹbí wo?"

Kàfáyàtù wo Màmá Hoa. Ìyẹn mi orí pé kó má sọ ọ́.

"Ẹbí kan tí ọkàn wọn ò balẹ̀, sà."

Ọkùnrin náà ní wọ́n ti kó àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nígboro lọ sí àgọ́ kan, wọ́n sì ń pe orúkọ wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n mi ò lè wá orúkọ tí ẹ ò tíì sọ fún mi."

Kàfáyàtù fọwọ́ bo ẹnu fóònù. Orúkọ náà kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ. "Màmá, ó kù sọ́wọ́ yín."

Màmá Hoa rìn lọ sójú fèrèsé, ó padà, ó tún lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gba fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè rẹ̀. Kàfáyàtù gbọ́ Binh. Ó tún gbọ́ Hoa.

"Ó bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i," ni Màmá Hoa wí nígbà tó gbé e sílẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. "Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí."

Ní Mọ́ńdè, ọ́fíìsì náà ní Binh ti dáhùn nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọn yóò dá òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sílé. Màmá Hoa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. Kàfáyàtù dì mọ́ ọn, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan bù ú jẹ nínú: wọ́n ti rí àbúrò ẹlòmíràn. Ojú tì í pé ó ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó lọ bọ́jú.

Ní Tọ́sìdeè, Jìbírílù pè. Ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Màlì, sá lọ sí Sábhà, nínú aṣálẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni fóònù ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

"Ṣé o forúkọ sílẹ̀ ní ẹ́ńbásì?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Kàfáyàtù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ kí ni?"

"Jìbírílù! Ọdún méjì tó o ti wà níbẹ̀! Àwọn èèyàn ń wá ẹ kiri, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé o wà!" Ó bú u títí ohùn rẹ̀ fi há, ló bá bú sẹ́kún. Kó tó di oṣù keje, Jìbírílù ti padà sí Ìsẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Màmá Hoa kò tíì tán ní tirẹ̀. Binh padà sílé, lẹ́tà kan kò sì wá. Òjò dídì dé, ó lọ. Màmá Hoa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n bí Kàfáyàtù bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, ohun tó ń rò ni pé: èmi ni mo kọ́kọ́ gbé fóònù yẹn.

Oṣù kẹrìnlá lẹ́yìn ìpè yẹn ni lẹ́tà tó dé. Màmá Hoa kà á ní ìdúró, ó ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n mú Binh jókòó fọ́jọ́ méjì, wọ́n bi í léèrè nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà. Ó ní òun bínú fún oṣù mẹ́ta. Ó wá di ọjọ́ kan tí òun rò ó pé nínú gbogbo ọkùnrin tó wà nínú àgọ́ yẹn, òun nìkan lẹ́nìkan béèrè lórí fóònù.

"Ṣé ẹ ò kábàámọ̀, Màmá?"

"Lójoojúmọ́," ni Màmá Hoa wí. "Bó bá sì di ọ̀la, màá tún pè."

Ó yí lẹ́tà náà sẹ́yìn. Binh ń béèrè fọ́tò àwọn ọmọbìnrin náà. Màmá Hoa wá dúró síbẹ̀, ó ń dààmú lórí aṣọ tí yóò wọ̀ fún wọn láti ya fọ́tò náà.