Káàdì Onípélé Láàárín Àwọn Alábàjà

Adébímpé Abórìṣàdé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tóyìn, ni olùtọ́jú káàdì ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìsọlọ̀, lọ́dún 1976. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Ìdí òwú ló ti bẹ̀rẹ̀. Àìkánjú rẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbé e lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, káàdì páálí ni oúnjẹ rẹ̀: gbólóhùn kan, káàdì kan. Ètò àgbà, èyí tó ń jí ẹ̀rọ náà tó sì ń pín iṣẹ́ fún àwọn ètò yòókù, gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta káàdì. Nígbà tí owó epo wọlé, ilé iṣẹ́ ra dísìkì tuntun, àwo tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ètò àgbà wá di méjì: ti àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, àti tuntun tí Ọ̀gá Akínbọ̀wálé ń kọ fún dísìkì náà. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì.

Adébímpé bá kọlà fún wọn. Ó to káàdì pọ̀ tímọ́tímọ́, ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ sí etí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mẹ́ta fún ti àtijọ́, ó pè é ní pélé. Mẹ́rin fún tuntun, ó pè é ní àbàjà. Bí ọ̀gá bá pààrọ̀ káàdì kan, Adébímpé á tún fa ìlà sí i.

Akínbọ̀wálé rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá Tóyìn, ṣé káàdì ń lọ sógun ni?"

"Ọ̀gá, ọjọ́ tí ọmọ bá sọnù la ń rántí ilà."

Gàfárù, tó ń fi káàdì bọ́ ẹ̀rọ, fọwọ́ pa àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀. "Èmi ti mọ ìdílé mi o. Ìdílé tuntun ni wá!"

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ẹ̀rọ tú ètò tuntun sí èdè ara rẹ̀, kò ráhùn rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó fi í jí, ó dákú. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wọlé, ó ní:

"Káàdì ti dàpọ̀. Ta ló ń tọ́jú káàdì?"

Gbogbo ojú yí sí Adébímpé.

"Ìyáàfin, bí aago mẹ́rin bá lù tí ẹ̀rọ yìí kò jí, ẹ má wá sí iṣẹ́ lọ́la."

Aago méjì ti kọjá. "Ẹ jẹ́ ká máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan!" ni Gàfárù wí.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta? Gbé àpótí wá."

Adébímpé to káàdì sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fi pákó tẹ̀ wọ́n kí etí wọn dọ́gba. Àpótí kìíní, ìlà mẹ́rin lọ tààrà bí irin rélùwéè Òṣòdì. Ìkejì. Ìkẹta. Ní ìkarùn-ún, ìlà já! Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí pariwo:

"Ẹ wá wò ó! Onípélé ni!"

"Àjèjì wọ agboolé wa!" Gàfárù fò sókè.

Adébímpé kò tíì dúró. Ó fa àpótí karùn-ún ti àtijọ́ jáde: alábàjà kan jókòó síbẹ̀ bí àlejò. Akínbọ̀wálé wo káàdì méjèèjì, ó rántí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti yọ wọ́n láti fi wọ́n wéra. Òun ló dá wọn padà sílé onílé.

Wọ́n pààrọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú ètò. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje kí aago mẹ́rin lù, Gàfárù tẹ bọ́tìnì. Iná pupa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bú jáde: ta-ta-ta-ta! Ó jí! Gàfárù gbá Akínbọ̀wálé mọ́ra, ó gbàgbé pé ọ̀gá ni.

Ọ̀gá àgbà wọlé, ojú rẹ̀ lára aago ọwọ́ rẹ̀. Akínbọ̀wálé kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo da káàdì pọ̀, sà. Ìyá Tóyìn ló rí i."

Lẹ́yìn tí ọ̀gá àgbà jáde, Akínbọ̀wálé na bírò sí Adébímpé. "Ẹ̀yà kẹta ètò àgbà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mà. Ilà wo lẹ máa kọ fún un?"

Adébímpé gba bírò, ó fi ìdérí rẹ̀ dé e.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí ojú ọmọ náà ná."