Màmá pa fóònù kí báǹkì má baà rí òun

Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe màmá mi, kò wọlé.

Látìgbà tó ti ṣàìsàn, gàrí tó ń yan tà lójoojúmọ́ ti di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ayétòrò.

Mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Màmá, fóònù yín ńkọ́?"

"Mo pa á. Tí mẹ́sééjì báǹkì bá ti dún, wọ́n á ti yọ nínú owó tí mo fẹ́ fi san gbèsè oògùn. Wọn ò ní rí mi mọ́."

Mo ṣàlàyé títí pé pípa fóònù ò ní kí báǹkì má yọ owó, ó kàn ń wò mí tàánútàánú.

Nígbà tí mo ń lọ, ó tú etí ìró rẹ̀, ó fún mi lówó ọ̀kadà.

"Gbà. Èyí ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí."

Onígbèsè ló sanwó ọ̀kadà mi lónìí. Ìyá tiyín ńkọ́?