Tàdáwà Pupa Inú Ìwé Ọ̀rẹ́ Mi

Mò ń yọ egungun ẹja lẹ́yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́, mo na ẹsẹ̀ òsì mi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dì ní ọsibítù sórí àpótí, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wọlé. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ wá láti Ìkòròdú, níbi tí àwa méjèèjì ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó sì dìde kíá láìdi nǹkan kan mú. Ìdìde yẹn pàápàá, mo jowú rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n fẹ́ yọ orúkọ rẹ. Bí wọn ò bá rí ìdí gidi kó tó di Sátidé, ó parí nìyẹn."

Mi ò gbà á gbọ́. Láti kékeré lẹsẹ̀ mi ti rọ, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló sì ń rí mi pẹ̀lú ọ̀pá. Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, àkókò ìsinmi la fi ṣe é. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ló gbà mí tó oṣù mẹ́ta. Ṣé wọn ò mọ̀ ni?

Wọn ò mọ̀ lóòótọ́. Ìyá mi ló lọ tọrọ àyè fún mi, ó sì ti sọ fún ọ̀gá àgbà pé mo bá wọn lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó. Nílé wa, a kì í sọ àìsàn ọmọ síta, kí ọ̀tá má baà gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló mọ̀, ìyá mi sì ti kìlọ̀ fún un gidigidi pé kó má sọ. Ọ̀gá àgbà dúró de ìgbéyàwó tí kò tán títí ó fi sú u.

Ọ̀rẹ́ mi kó ìwé jáde nínú báàgì. Bó bá ti kọ ọ̀kan kún, tirẹ̀ gan-an ló máa ń fún mi kà. Kí n má purọ́, n kì í kọ́kọ́ ka ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Tàdáwà pupa tíṣà ni mò ń wá. "Ó dára." "Ó dára púpọ̀." Èmi ni wọ́n ń kọ ọ́ fún tẹ́lẹ̀, èmi tí mò ń ṣe ipò kìíní. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó gún régé, mo pa ìwé náà dé.

Ó ní kí n fún òun ní káàdì ọsibítù, òun á lọ sọ òótọ́. Mo bi í pé kí ló kàn án, ṣé kí wọ́n lè máa káàánú mi ni.

"Máa jowú mi lọ," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i lójú ẹ. Ṣáà gbé káàdì wá."

Mo ń bá egungun ẹja mi lọ. Ìyá mi ló tú etí ìró rẹ̀, ó mú káàdì náà jáde.

"Gbà, ọmọ mi. Sọ fún wọn pé èmi ni mo purọ́."

Wọ́n gbà mí padà, mo sì bá ẹgbẹ́ mi ṣèdánwò. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣe ipò kìíní, èmi ṣe ìkejì. Ó dùn mí títí mo fi bímọ.

Lọ́dún tó kọjá, èéyí mú ọmọbìnrin mi, kò lè lọ sílé ìwé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀, ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì gbé síléètì wá kó lè mọ ohun tí wọ́n kọ́. Tèmi kọjú sí ògiri. Mo jókòó tì í.

"Bí ara rẹ ò bá yá, sọ ọ́, má fi pa mọ́ nítorí ẹnikẹ́ni. Bó o bá sì fẹ́ jowú ọmọ yẹn, jowú rẹ̀. Ìyá rẹ náà jowú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba síléètì lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kó o sì kí i pé ó ṣeun."