Ọkọ̀ Tó Ní Aṣálẹ̀ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ bí èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣe di apolówó ọjà ní Alápẹ̀rẹ̀ níbí!

Ṣadé ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ ta mọ́tò ìdílé wọn, èyí tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta. Ṣadé bá kọ ọ́ sórí WhatsApp: “OKO MI WA FUN TITA. O SI LAGBARA DAADAA.” Kò fi àmì ohùn kankan sí i! Kíá làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń béèrè bóyá ọkọ náà máa ń hanrun, àti bóyá ó mọ ọbẹ̀ sè. Mo ní, “Ṣadé, ṣé o rí i? Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.”

Ẹni tó kọ́kọ́ wá wo mọ́tò ni Alhaji kan tó ń ta tòmátì ní Mile 12. Ó ní òun máa tú àwọn ìjókòó ẹ̀yìn kúrò kí apẹ̀rẹ̀ lè ráyè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o! Bàbá Kíkẹ́, ìyẹn ọkọ Ṣadé, sọ fún un pé tí ìdílé kankan ò bá rà á títí di Sátidé, kó wá gbé e.

Bí Kíkẹ́, ọmọ-ọmọ mi, ṣe gbọ́ ló bú sẹ́kún. “Grandma, wọ́n fẹ́ kó tòmátì sínú ọkọ̀ òfuurufú wa!”

Ọkọ̀ òfuurufú kẹ̀? Mo ní kó pe nǹkan bó ṣe ń jẹ́. Ó nu imú, ó ní ṣebí èmi náà ni mo kọ́ òun pé ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ni gbogbo wọn? Tíṣà gba ẹ̀kọ́!

Mo bá gbé fóònù mi, mo ní kó fi ọkọ̀ náà hàn wá kí n fi ṣe fídíò ìpolówó. Iwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fò. Àárín, ọkọ̀ ojú omi ni, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀ sí àdúgbò wa. Ó wá dé ẹ̀yìn pátápátá. “Aṣálẹ̀ nìyí. Ẹ gbé omi dání o!”

Bàbá Kíkẹ́ bẹ̀ mí pé kí n gé ibẹ̀ kúrò. Èmi? Kí n bá wọn fi nǹkan pamọ́? Mo fi ohùn ara mi kún un pé, “Ẹ̀yin òbí, ohun tó ń sọ ni pé AC kì í dé ẹ̀yìn.” Mo bá gbé fídíò náà sórí WhatsApp.

Ní àárọ̀ Sátidé, tọkọtaya kan wá láti Ogudu pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ìyá wọn ò sọ̀rọ̀ mìíràn ju ti AC yẹn. Ó ti ń fa ọkọ rẹ̀ lápá pé kí wọ́n máa lọ nígbà tó wò yíká, tí kò rí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ibo ló wà? Ìjókòó ẹ̀yìn! Ó gbá ìgò omi mọ́ àyà. “Mummy, mo ti dé aṣálẹ̀!”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n rà á.

Nígbà tí Alhaji dé, ó ní, “Mummy Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi polówó tòmátì!”

Kíkẹ́ ò sunkún mọ́. Kí àwọn ará Ogudu tó wa mọ́tò lọ, ó kàn yọjú sí àbíkẹ́yìn wọn lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ní, “Má gbàgbé, máa fún ràkúnmí lómi o.”

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí ọmọdé bá máa báni polówó ọjà, ká má kọ́ ọ lóhun tó máa sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó ń rí, kí àgbà sì fi òótọ́ tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí làwọn ọmọ yín ń pe ọkọ̀ tiyín? Ẹ kọ ọ́ síbí ká jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí i!