Reluwé Tí Màmá Toyono Kò Jẹ́ Kó Lọ

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé ìlú wa, Shirabetsu, rí ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Màmá Toyono dá bọ́ọ̀sì dúró fún reluwé tí kò sí.

Ọ̀sán ni, nígbà tí ewé ń wọ́. Kùrukùru ti gòkè láti odò, ó bo pápá màlúù, ó bo òpó iná, ó kù díẹ̀ kó bo imú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi rọ́pò reluwé ni à ń wọ̀ bọ̀, Nishigaki ló ń wà á. Bí a ṣe sún mọ́ ibi tí títì ti ń dábùú ojú irin láyé àtijọ́, Màmá Toyono, tó jókòó sẹ́yìn awakọ̀ bí ẹni pé òun ló gbà á síṣẹ́, fi ọ̀pá kàn án léjìká.

"Dúró. Ó ń bọ̀."

"Màmá, wọ́n ti hú irin yẹn léṣìí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ tilẹ̀ bú àwọn tó wá hú u."

"Mo bú wọn, wọn ò gbọ́. Ìwọ gbọ́ tèmi."

Nishigaki dúró, nítorí ẹni tó bá bá Màmá Toyono jiyàn ló máa ń pẹ́ délé ju ẹni tó gbà fún un lọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣe díẹ̀, gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí eyín ẹni tí òtútù ń mú. Koríko gíga tó ti hù sójú ọ̀nà irin tẹ̀ láti apá òsì, títẹ̀ náà ń rìn bọ̀, ó kọjá níwájú wa, ó lọ sápá ọ̀tún, koríko sì nàró padà. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn ń gbàdúrà sẹ́nu.

Màmá Toyono mi orí. "Ẹyọ ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kọjá yẹn. Láyé àtijọ́, mẹ́ta ni wọ́n ń so pọ̀. Àṣé wọ́n ti gé e kù níbẹ̀ náà."

Nígbà tí reluwé ṣì ń rìn, òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ìbùdó Shirabetsu. Ìbùdó náà kéré débi pé ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà ló ń gbálẹ̀, òun ló ń dáná sí sítóòfù, òun náà ló ń ta ìrẹsì rogodo tí wọ́n fi ewé òkun wé. Bí o bá kọ̀ tí o ò ra ìrẹsì, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ á ṣòro í rí nínú dúrọ́ọ̀.

Èédú ló bí reluwé náà. Nígbà tí àwọn baba wa ń wa èédú lórí òkè, ọkọ̀ máa ń kún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń gba ojú fèrèsé wọlé. Èédú tán, àwọn awakùsà kó lọ. Ó ku wàrà àti igi, lọ́rì gba ìyẹn náà. Gbogbo wa ra mọ́tò. Bí reluwé bá ń kọjá, a óò juwọ́ sí i, bí ẹni ń kí àbúrò bàbá ẹni tí a kì í yà kí nílé.

Nígbà tí iléeṣẹ́ tó ni reluwé rán Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda wá sí gbọ̀ngàn ìlú, láti wá ṣàlàyé pé ọkọ̀ náà kò rí èrò gbé mọ́, Màmá Toyono ló jókòó síwájú pátápátá.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ka àwọn òkú mọ́ ọn?"

Tsukuda wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n lè wà níbẹ̀. "Àwọn òkú, màmá?"

"Nígbà ọdún Obon tí àwọn baba ńlá wa bá ń bọ̀ wá sílé, kí lẹ rò pé wọ́n ń wọ̀? Ọkọ̀ máa ń wúwo lásìkò yẹn. Ẹ bi awakọ̀."

Awakọ̀ reluwé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo ojú yí sí i. Ó wolẹ̀. "Lóòótọ́, kì í fẹ́ gun òkè lásìkò yẹn," ó ní. "Mo máa ń rò pé ooru ni."

Tíì tí Tsukuda ń mu gba ọ̀nà òdì lọ.

Ìgbà náà ni màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò gbà. Kí wọ́n fi ti ọjọ́ Jímọ̀ nìkan sílẹ̀. Wọn ò gbà.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ mú èyí tó ń lọ, kẹ́ ẹ fi èyí tó ń bọ̀ sílẹ̀ fún wa. Àwọn èèyàn á máa wọlé, kò ní sẹ́ni tó máa lè jáde. Ìlú á kún."

A rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún. Tsukuda náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọkọ̀ tó bá lọ ló ń padà bọ̀."

"Èyí tí ọkọ mi wọ̀ lọ ńkọ́, ṣé ó gbé e padà?"

Ẹ̀rín tán nínú gbọ̀ngàn. Sakuzo ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó máa ń kó yìnyín kúrò lójú irin. Reluwé ló gbé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí yìnyín ya wálẹ̀ láti orí òkè, tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn ò rí Sakuzo. Fìlà rẹ̀ ni wọ́n sin. Màmá Toyono kò fìgbà kan sọ pé ó kú. Ohun tó máa ń sọ ni pé ó pẹ́.

"Ọ̀nà ojú irin nìkan ni Sakuzo mọ̀," ó sọ fún Tsukuda, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Kò mọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Bẹ́ ẹ bá hú irin, ibo lẹ fẹ́ kó gbà?"

Tsukuda dìde, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà rìn kẹ́yìn, èrò wá láti ìlú jíjìn pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n ń ti ara wọn. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìbùdó, ó ń wò wọ́n. "Ẹ kú ìnáwó òkú," ó ní. "Nígbà tó ń ṣàìsàn, a ò rí yín."

Mitsuko, ọmọ rẹ̀, mú un lọ sí Sapporo, ìlú ńlá. Kò pẹ́ tó fi padà wá. "Mo rí reluwé tiwọn," ó sọ fún wa. "Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í kí ara wọn, ojú wọn sì funfun báláú. Èmi ò tíì kú, mi ò lè máa bá wọn wọ ọkọ̀."

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Bí kùrukùru bá ti sọ̀, gbogbo ajá àdúgbò á yí orí sí ọ̀nà kan náà, láìgbó. Orie, aládùúgbò Màmá Toyono, sá aṣọ funfun sẹ́yìnkùlé, ó bá eruku èédú lára wọn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó ń jẹ èédú ti kásẹ̀ nílẹ̀ látìgbà tí Orie wà ní ọmọge. Ó gbé aṣọ náà lọ bá Màmá Toyono.

"Ẹ bá mi sọ fún Sakuzo kó rọra o."

"Ọkọ̀ ló ń rú èéfín, kì í ṣe Sakuzo. Ó ti jáwọ́ nínú sìgá."

Ọ̀sán kan tí kùrukùru tún sọ̀, Orie gbé ọbẹ̀ lọ fún un, màmá sì jẹ díẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tó padà lọ gba ìkòkò, ó bá a níjókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ kóòtù àríyá rẹ̀, báàgì wà lórí itan rẹ̀, ó sì wọ bàtà sórí ẹní, òun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bàtà wọ ilé òun rí. Ẹ̀mí ti bọ́. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ná ọjà tó sì já sí i lọ́wọ́. Lápá kóòtù rẹ̀, níbi tí èèyàn máa ń di ẹlòmíì mú bó bá fẹ́ ràn án gòkè, yìnyín díẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò tíì yọ́. Yìnyín ò tíì bọ́ lọ́dún yẹn.

Nígbà tí Mitsuko dé, ó fẹ́ bọ́ bàtà náà. Orie mú un lọ́wọ́. "Fi í sílẹ̀. Màmá ò sí nínú ilé mọ́."

Àwọn méjèèjì jókòó tì í. Mitsuko béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan kan lọ́sàn-án yẹn?"

"Ẹja ni mò ń dín. Ariwo epo ò jẹ́ kí n gbọ́."

"Ṣé màmá jẹun kí wọ́n tó lọ?"

"Wọ́n jẹun. Wọ́n ní ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù, pé àwọn ò mọ bí ọkọ mi ṣe ń fara dà á látọjọ́ yìí."

Mitsuko bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di omi lójú rẹ̀. Orie fi etí épírọ́ọ̀nù rẹ̀, tó ṣì ń run ẹja, bá a nù ún.